Àṣíborí Alùpùpù: Bí A Ti Í Yàn Án àti Bí A Ti Í Ka Àmì Ara Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa)

  

Kì í ṣe ohun àjèjì sí yín pé ẹgbẹ́ wa ń gbèrò láti ra àṣíborí fún àwọn ọlọ́kadà ìlú wa. Èrò náà dára púpọ̀, a sì kan sáárá sí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú un wá. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jíròrò lórí iye tí a ó rà àti iye owó tí a ó ná, ìbéèrè kan wà tí a kò tí ì bi ara wa: irú àṣíborí wo ni a fẹ́ rà? Ìbéèrè yìí ni a wá láti dáhùn. Ohun kan ṣoṣo ni a sì fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé: kì í ṣe gbogbo ohun tí a dé mọ́ orí ni àṣíborí. Èyí tí a ti dán wò, tí ẹlẹ́rìí tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé sì fi àmì jẹ́rìí sí, òun ni àṣíborí.

ORÍ ÀTI OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Àwọn baba ńlá wa bọ̀wọ̀ fún orí ju gbogbo ẹ̀yà ara lọ. Orí ni a fi ń dé adé, orí ni a fi ń ru ẹrù, orí ni a sì ń gbé ọwọ́ lé nígbà tí a bá ń súre fún ọmọ. Nínú agbárí ni ọpọlọ wà, ohun rírọ̀ gidigidi sì ni ọpọlọ. Bí alùpùpù bá ṣubú tí orí sì kọlu títì, agbárí a dúró lójijì, ṣùgbọ́n ọpọlọ inú rẹ̀ a ṣì máa lọ síwájú. A lu ara rẹ̀ mọ́ eegun, iṣan ẹ̀jẹ̀ a máa já, ọpọlọ fúnra rẹ̀ a sì máa wú nínú àyè tí kò lè fẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́, a ní àwọn tí ń to eegun nílé àti ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í to ọpọlọ.

Àṣíborí tòótọ́ ní ohun mẹ́rin. Èkíní ni èèpo òde, tí a fi ike líle tàbí fáíbà ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tan agbára ìkọlù ká, kí ó má baà kó sí ojú kan, àti láti dènà ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Èkejì ni fóòmù líle tí ó tẹ̀ lé èèpo náà, tí ó jọ fóòmù funfun tí a ń kó yí tẹlifíṣọ̀n ká nínú páálí. Fóòmù yìí gan-an ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ìkọlù bá dé, òun ni yóò rún. Bí ó sì ti ń rún ni ó ń gba agbára náà sára, tí orí fi ń dúró díẹ̀díẹ̀ dípò kí ó dúró lójijì. Ẹ wo ẹyin adìyẹ méjì tí wọ́n bọ́ láti ibi gíga kan náà, tí ọ̀kan bọ́ sórí àpáta, tí èkejì sì bọ́ sórí òkìtì òwú. Ẹyin kan náà ni, gíga kan náà ni, ṣùgbọ́n ìpín wọn kò dọ́gba. Ẹ̀kẹta ni tìmùtìmù rírọ̀ inú, tí ó ń jẹ́ kí àṣíborí bá orí mu. Ẹ̀kẹrin ni okùn abẹ́ àgbọ̀n, tí kì í jẹ́ kí ó fò kúrò lórí. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fìlà lásán ni a dé.

Nítorí náà ni akoto tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ń dé kò fi lè jẹ́ àṣíborí alùpùpù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń rí i lórí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà. A ṣe é nítorí òòlù tàbí bíríkì tí ó lè já bọ́ láti òkè wá. A kò ṣe é fún ẹni tí a ta lókè tí ó sì fi ẹ̀gbẹ́ orí tàbí ìpàkọ́ gbá títì.

BÍ AYÉ TI KỌ́ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1935, ní agbègbè Dorset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, T. E. Lawrence, ẹni tí a ń pè ní Lawrence ti Arébíà, ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Ó yà fún àwọn ọmọdékùnrin méjì tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́, ó sì ṣubú, ó fi orí gbá ilẹ̀. Kò dé àṣíborí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ó kú.

Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí a pè sí i ni Hugh Cairns, ọmọ ilẹ̀ Australia, ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Dókítà yìí kò sọ pé àkókò ọkùnrin náà ló tó, kí ó sì káwọ́ lẹ́rán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí nípa àwọn ológun tí wọ́n ń kú lórí alùpùpù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 1941, ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbogbo àwọn tí ó yẹ̀ wò, ènìyàn méje péré ni ó rí tí wọ́n dé àṣíborí nígbà tí jàǹbá ṣe wọ́n, kò sì sí èyí tí ó kú nínú àwọn méjèèje. Kí ọdún náà tó parí, ilé iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé gbogbo ológun tí ń gun alùpùpù lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé àṣíborí. Cairns kú ní ọdún 1952. Kò rí ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1973, nígbà tí òfin náà wá kan gbogbo ará ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Láti ìgbà náà, ìwádìí ti pọ̀. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 61 láti oríṣiríṣi ilẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní ìwọ̀n 42 nínú 100 fún ẹni tí jàǹbá alùpùpù bá ṣe, ó sì ń dín ewu ìpalára orí kù ní ìwọ̀n 69 nínú 100. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí yóò kú mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ta ni kò fẹ́ kí ó wà nínú àwọn tí a yọ?

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety, bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé àṣíborí. Ẹ̀yin náà rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní Kánò, a rí àwọn tí ó fi igbá dé orí. Níbòmíràn, àwọn kan so ike ọ̀dà mọ́ àgbọ̀n. Gbogbo ayé ni ó gbọ́, gbogbo ayé ni ó sì fi rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra nínú ẹ̀rín yẹn. Ẹni tí ó dé igbá mọ̀ pé igbá ni òun dé. Ọlọ́pàá ni ó ń tàn jẹ, kò tan ara rẹ̀ jẹ. Èyí tí ó yẹ kí a sunkún fún ni ẹni tí ó fi owó gidi ra ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a kùn ní ọ̀dà dúdú, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju tìmùtìmù tín-ín-rín lọ, tí ó sì rò pé òun ti ra ààbò. Igbá ni òun náà dé, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Bí ó bá sì ti gbà pé ààbò wà lórí òun, ó lè máa sáré ju ẹni tí kò dé ohunkóhun lọ. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Lórí àtẹ ọjà, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára a máa dán bákan náà.

ÒṢÙWỌ̀N ÀTI ẸLẸ́RÌÍ

Báwo ni a ó ti mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ná ọjà mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ ra gàrí, ẹ máa ń wo ìdí kóńgò, nítorí pé ẹ mọ̀ pé àwọn kan a máa lù ú wọnú kí ó lè gba ìwọ̀nba. Òṣùwọ̀n kan kò wúlò bí a kò bá mọ ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àṣíborí rí. Àmì ara rẹ̀ ń sọ fún wa irú òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n ọ́n àti ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Nínú gbogbo àmì tí ń dé ọ̀dọ̀ wa, méjì ni ó gbajúmọ̀ jù.

Èkíní ni àmì E. Láti inú Ìlànà 22 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ó ti wá, ìlànà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1972, tí a sì ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Lábẹ́ ìlànà yìí, ẹni tí ó ṣe àṣíborí kò lè tà á kí ó tó kó àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ sí yàrá ìdánwò tí ìjọba fọwọ́ sí. Níbẹ̀, a ó fi àṣíborí náà dé orí irin tí a ṣe bí orí ènìyàn, a ó sì jẹ́ kí ó já bọ́ sórí irin pẹlẹbẹ àti sórí irin tí a ṣe bí etí títì. Lábẹ́ àtúnṣe karùn-ún ìlànà náà, eré tí ó ń sá nígbà tí ó bá kọlu irin jẹ́ mítà 7.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dọ́gba pẹ̀lú ìgbà tí nǹkan bá já láti ibi gíga tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3. Ẹ̀rọ inú orí irin náà a sì ka bí ìdúró rẹ̀ ti le tó: kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po 275 agbára tí ilẹ̀ fi ń fa ohun gbogbo mọ́ra. Wọ́n a máa dán an wò nínú òtútù, wọ́n a sì máa dán an wò nínú ooru tí ó tó ìwọ̀n 50 ti Celsius, èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní ilẹ̀ olóòrùn wa yìí. Wọ́n a fa okùn rẹ̀ bákan náà láti mọ̀ bóyá yóò já.

Ní oṣù kìíní ọdún 2021 ni àtúnṣe kẹfà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun fi ìkọlù tí ó le jù, mítà 8.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kún un, ó sì fi ìkọlù tí kò le tó bẹ́ẹ̀, mítà 6, kún un pẹ̀lú, nítorí pé àṣíborí tí ó gan jù kì í rún bí ó ti yẹ nígbà tí ìṣubú bá kéré. Ó tún fi ìdánwò orí irin dídàgẹ̀rẹ̀ kún un, láti wo bí orí ti ń yí nígbà tí ó bá gbá títì ní ẹ̀gbẹ́. Nítorí pé yíyí lójijì a máa ba ọpọlọ jẹ́ gẹ́gẹ́ bí kíkọlù.

Ẹ wá gbọ́ bí a ti í ka àmì náà. Ẹ yí àṣíborí padà, kí ẹ wo okùn abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ ó rí aṣọ kékeré kan tí a rán mọ́ ọn, tí òbìrìkìtì kan wà lórí rẹ̀, tí lẹ́tà E àti nọ́ńbà kan sì wà nínú òbìrìkìtì náà. Nọ́ńbà yìí ń sọ orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí i: 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 3 ni Ítálì, 4 ni Netherlands, 9 ni Spain, 11 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí a ti ṣe é ni ó ń sọ, kì í sì ṣe ipò rẹ̀ nínú dídára. E 11 kò dára ju E 3 lọ. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà gígùn kan wà. Bí 05 bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àtúnṣe karùn-ún ni. Bí 06 bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àtúnṣe kẹfà ni, òun ni ó sì tuntun. Lẹ́tà sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú: P túmọ̀ sí pé ó ń dáàbò bo àgbọ̀n, J túmọ̀ sí pé kò ní ohun tí ó bo àgbọ̀n, NP túmọ̀ sí pé ohun tí ó wà níwájú àgbọ̀n kò lè dáàbò bò ó, ẹwà lásán ni.

Èkejì ni àmì DOT ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1974 ni ìlànà rẹ̀, tí a ń pè ní Ìlànà 218, ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, a ó jẹ́ kí àṣíborí já bọ́ láti nǹkan bí mítà 1.83 sórí irin pẹlẹbẹ, ìwọ̀n tí kò sì gbọdọ̀ kọjá ni ìlọ́po 400. A ó tún jẹ́ kí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ó wọn kílò 3 já bọ́ sórí rẹ̀ láti mítà 3, kò sì gbọdọ̀ dé ara orí tí ó wà nínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ ńlá tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò mọ sí ìṣirò nìkan. Lábẹ́ DOT, ẹni tí ó ṣe àṣíborí ni yóò dán an wò, òun náà ni yóò sì fi àmì sí i. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba a máa lọ ra díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ilé ìtajà láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n a sì fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá parọ́. Lójú àwa olùkọ́, ó dàbí kí akẹ́kọ̀ọ́ máàkì ìwé ara rẹ̀, kí alábẹ̀wò sì yà wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti àmì E, ó dàbí ìdánwò WAEC: ará ìta ni ó ń máàkì, kò sì sí ìwé ẹ̀rí kí a tó yege. A kò sọ pé DOT kò dára. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti lágbára, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ní ọjà tiwa, níbi tí alábẹ̀wò Amẹ́ríkà kò lè dé, kò sí ohun tí ó rọrùn tó kí ènìyàn tẹ lẹ́tà mẹ́ta sórí sítíkà kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ike.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2013, lẹ́bẹ́ẹ̀lì tòótọ́ ẹ̀yìn àṣíborí gbọdọ̀ ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é, orúkọ irú rẹ̀, lẹ́tà DOT, nọ́ńbà ìlànà náà, àti ọ̀rọ̀ CERTIFIED. Lẹ́tà DOT nìkan kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì E ni ẹ ó máa rí jù, tàbí àmì Kitemark ti BSI lára àwọn mìíràn. Ẹ tún ní ètò ìjọba kan tí a ń pè ní SHARP, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, tí ń fún àṣíborí ní ìràwọ̀ kan sí márùn-ún. Ẹ máa wò ó kí ẹ tó rà, nítorí ó ti fi hàn pé àwọn tí owó wọn kò pọ̀ a máa gba ìràwọ̀ ju àwọn olówó gegere lọ. Èyí tí ó ti Íńdíà wá gbọdọ̀ ní àmì ISI àti nọ́ńbà IS 4151. Ní ilé níhìn-ín, àjọ SON, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ni ó ń mójú tó òṣùwọ̀n ọjà. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra ọjà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè ìwé ẹ̀rí SONCAP lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o wọ̀lú.

Bí àmì bá sì ń ṣe wá ní iyèméjì, ọwọ́ àti ojú ṣì wà. Àṣíborí tòótọ́ a máa wọn nǹkan bíi kílò kan àti díẹ̀. Èyí tí kò tó ìdajì kílò, ẹ fi í sílẹ̀. Fóòmù líle inú rẹ̀ a máa nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, bí ẹ bá tẹ ìka mọ́ ọn tí ẹ kò bá fóòmù rárá, ike òfìfo ni.

BÍ A TI Í YAN ÈYÍ TÍ Ó BÁ ORÍ MU

Àmì tòótọ́ lórí orí tí kò bá a mu kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ mú téèpù aránṣọ, kí ẹ fi í yí orí ká ní ìwọ̀n ìka kan lókè ìpéǹpéjú. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 57 tàbí 58 a sábà máa dé M, 59 tàbí 60 a máa dé L. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àwọn tí ń ṣe é kò dọ́gba, nítorí náà dídé rẹ̀ wò ni ó dájú. Ó yẹ kí ó fún yípo orí láìdunni, kí ó sì fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀. Bí ẹ bá mi orí, kí àṣíborí àti orí jùmọ̀ mì. Ẹ de okùn, kí ẹ fi ọwọ́ gbé ìpàkọ́ rẹ̀ sókè síwájú. Bí ó bá yọ kúrò lórí, òmíràn ni kí ẹ mú. Ìka méjì péré ni ó yẹ kí ó lè wọ abẹ́ okùn náà. Okùn tí a kò dè kò yàtọ̀ sí okùn tí kò sí.

A bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá wa: ẹ má ṣe gbé àṣíborí ka orí gèlè. Ẹ tú gèlè, kí ẹ gbé e dání, ẹ ó sì tún un wé nígbà tí ẹ bá dé òde. Ọmọdé kò sì gbọdọ̀ dé ti àgbàlagbà, nítorí yóò máa yí lórí rẹ̀ bí igbá lórí omi.

Àwọn èrò kan ń bẹ̀rù láti dé àṣíborí tí ẹlòmíràn ti dé. Àwọn kan ń bẹ̀rù làpálàpá àti iná orí. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù oògùn àwọn ọmọ aráyé. A kò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù àrùn, kí ó fi fìlà aṣọ fẹ́lẹ́ tí ó mọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù oògùn, kí ó ra tirẹ̀ kí ó sì máa gbé e kiri. Ìbẹ̀rù méjèèjì ní àtúnṣe. Ọpọlọ tí ó ti fọ́ kò ní.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fóòmù àṣíborí lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti rún nínú jàǹbá, kì í padà sí ipò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èèpo òde ń dán bíi tuntun. Nítorí náà, àṣíborí tí ó ti gba ìkọlù, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù tàbí tínà fọ̀ ọ́, ẹ má ṣe gbé e lé páìpù èéfín gbígbóná, ẹ má sì fi í kọ́ dígí alùpùpù, nítorí dígí a máa tẹ fóòmù inú rẹ̀ wọnú. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é ni ó gbani nímọ̀ràn pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ọdún tí a ṣe é a sì máa wà nínú rẹ̀.

Láti inú èyí ni ọ̀rọ̀ wa sí ẹ̀yin ará òkè òkun ti jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kó àlòkù àṣíborí ránṣẹ́ sílé. A mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ iye ìgbà tí tòkunbọ̀ náà ti ṣubú kí ó tó wọ inú kọ̀ǹténà. Ẹ̀wù àlòkù lè bo ara. Àṣíborí àlòkù lè jẹ́ ẹ̀tàn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ẸGBẸ́ WA ṢE

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ láàárín wa, a kò sì fẹ́ fi í pamọ́. Wọ́n ní owó tí ó wà nínú àpò ẹgbẹ́, bí a bá fi ra èyí tí kò wọ́n, yóò kárí gbogbo ọlọ́kadà ìlú. Bí a bá sì fi ra èyí tí ó ní àmì tòótọ́, kò ní kárí ìdajì wọn. Wọ́n ní díẹ̀ sàn ju àìsí rárá lọ. Àánú ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí ẹgbẹ́ bá pín ike fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní gbangba, tí Kábíyèsí fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé e lórí, tí a ya fọ́tò, ọmọ náà yóò gbà pé ìlú òun ti dáàbò bo òun. Ní ọjọ́ tí ike náà bá fọ́ lórí títì, kí ni a ó sọ fún ìyá rẹ̀? A ó ha sọ fún un pé a fẹ́ kí ó kárí ni?

Nítorí náà, a gbé ìmọ̀ràn mẹ́rin wá síwájú ìpàdé yìí.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ má ṣe ra èyíkéyìí tí kò ní àmì tí a lè kà, tí a rán mọ́ okùn rẹ̀. Kí a má sì gbàgbé èrò: orí méjì ni ó wà lórí alùpùpù, àṣíborí méjì ni ó sì tọ́ sí i.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ san ìdajì owó rẹ̀, kí ọlọ́kadà san ìdajì tí ó kù díẹ̀díẹ̀ nípasẹ̀ àjọ tí àwọn fúnra wọn ń dá. Nípa bẹ́ẹ̀, owó wa yóò kárí ní ìlọ́po méjì, ẹni tí ó sì fi owó ara rẹ̀ sí nǹkan kì í fi í ṣeré.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ ìlú wa tí ń rà á níta kọ́kọ́ ya fọ́tò lẹ́bẹ́ẹ̀lì okùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí wọ́n tó sanwó. Bí ọjà bá sì dé, kí a mú ọ̀kan nínú rẹ̀, kí káfíńtà fi ayùn là á sí méjì ní gbàgede, níwájú àgbà àti èwe, kí gbogbo ènìyàn rí bóyá fóòmù wà nínú rẹ̀. Àṣíborí kan ni yóò bàjẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni yóò gbọ́n.

Ẹ̀kẹrin, kí àwa olùkọ́ fi ẹ̀kọ́ yìí kún ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ tí ó bá mọ bí a ti í ka àmì E ní kíláàsì karùn-ún kò ní jẹ́ kí a tan bàbá rẹ̀ jẹ lọ́jà.

A kò sọ pé àṣíborí ni òpin ààbò. Ẹni tí ó mu ọtí, ẹni tí ó gbé èrò mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tí ó ń sáré bí ẹni tí a ń lé, àṣíborí kò lè ṣe iṣẹ́ làákàyè fún un. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí; kí olúkúlùkù la ojú rẹ̀ kí ó tó di pé àṣíborí yóò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà náà ti kún báyìí, orí àwọn ọmọ wa sì wà níwájú yín, lórí alùpùpù, ní gbogbo òwúrọ̀. Ìpinnu dọwọ́ yín.

 Kí Ọlọ́run bá wa tún ìlú wa ṣe. Àṣẹ.